ONÍBODÈ TÓ MÚ KỌ́KỌ́RỌ́ GBOGBO YÀRÁ LỌ́WỌ́: ǸJẸ́ OLÙLÒ KỌ̀ǸPÚTÀ LÈ GBẸ́KẸ̀ LÉ ÀWỌN TÓ Ń TA ÈTÒ ÀÀBÒ?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ dáhùn. Ẹni tó ra ètò ààbò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tàbí tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ǹjẹ́ ó lè fọkàn tán ilé-iṣẹ́ tó ṣe é? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ti ń wo èsì ìdánwò WAEC àti ti JAMB. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń tẹ ìwé NIN jáde, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù ti ń tẹ iṣẹ́ wọn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú àti nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, kì í ṣe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù nìkan ni yóò jìyà. Ìyá àgbà tó wá tẹ ìwé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré yóò pín nínú ìyà náà.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti pe ara rẹ̀ ní aláàbò, olóòótọ́ ni. Wọn kì í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé àwọn tó ń ta òògùn fáírọ́ọ̀sì gan-an ló ń ṣe fáírọ́ọ̀sì kí ọjà wọn lè tà. Nítorí èyí, wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni àkọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni kejì di ojú ara rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí olùlò mọ ohun tí ètò ààbò jẹ́, kí ó mọ ọ̀nà tí aláàbò lè gbà já ènìyàn kulẹ̀, kí ó sì wá wọn ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí bá ti tó.

OHUN TÍ ÈTÒ ÀÀBÒ JẸ́

Láyé àtijọ́, ìlú tó bá ní odi a máa ní ibodè, ibodè a sì máa ní oníbodè. Ìkìrun mọ ìtumọ̀ èyí dáadáa, nítorí pé ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878. Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá sì bómi lọ nínú odò Ọ̀tìn. Ìlú tó wà lójú ogun bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní olùṣọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ pé oníbodè tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, òun kan náà ló lè ṣí i fún ọ̀tá lóru. Agbára kan náà ni ó ń lò fún méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò ààbò rí lórí kọ̀ǹpútà. Kí ó tó lè mú fáírọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ lè ka gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀, yálà lẹ́tà ni tàbí àwòrán tàbí ìwé ìṣirò owó. Ó ń wo ojú-ìwé tí olùlò ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àṣẹ láti pa ohun tó bá kà sí ibi rẹ́, ó sì ń bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀ léraléra láti gba àṣẹ tuntun. Kò sí ètò púpọ̀ mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tí olùlò gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bèèrè bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e kò ṣe ìfura àsọdùn. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni ó béèrè.

Ìtàn pàápàá fi hàn pé ọ̀rọ̀ ààbò àti ọ̀rọ̀ ewu ti so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Brain, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà irú ti IBM, jáde ní ọdún 1986 ní ìlú Lahore ní orílẹ̀-èdè Pakistan. Ọmọ ìyá méjì, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dáàbò bo ètò tí àwọn ń tà kí àwọn ènìyàn má baà máa dà á kọ lọ́nà àìtọ́. Ohun tí wọ́n pè ní ààbò fún ọjà wọn di àrùn tó ti inú díísìkì kan bọ́ sínú òmíràn, tó sì tàn dé òkè òkun.

Síbẹ̀, ewu tí àwọn aláàbò ń polówó kì í ṣe irọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tí ó gbà wọlé jáde láti oṣù Kẹta ọdún náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kó sí wàhálà ni kò tí ì gba àtúnṣe náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ oníbodè rárá, kí ó rántí àwọn wọ̀nyí.

Ọ̀NÀ TÍ ALÁÀBÒ LÈ GBÀ JÁ ÈNÌYÀN KULẸ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, ó lè fi ẹ̀rù ṣòwò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, ìròyìn kárí ayé pé fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n sọ ní Michelangelo yóò ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta. John McAfee, tó dá ilé-iṣẹ́ òògùn fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1987, wà lára àwọn tí ìwé ìròyìn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, iye tí wọ́n sì ń gbé kiri ni pé kọ̀ǹpútà tí yóò fara gbá a lè tó mílíọ̀nù 5. Àwọn ènìyàn sáré ra òògùn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, iye tí wọ́n rí kò kọjá nǹkan bí 10,000 sí 20,000. Fáírọ́ọ̀sì náà wà lóòótọ́, ó sì ṣe àwọn kan ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ bí iná ṣe tóbi tó ni ẹni tó ń ta omi.

Láti inú ẹ̀rù yìí ni àwọn ayédèrú oníbodè ti rí ọ̀nà wọlé. Olùlò yóò máa ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójijì ni àkọlé pupa yóò yọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó yára sanwó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ilé-iṣẹ́ Innovative Marketing àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é lọ sílé-ẹjọ́. Àjọ náà ní wọ́n ti tan ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan láti ra irú òògùn ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ owó tó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là lé ọ̀kan nínú wọn lórí. Ẹni tó bá rí àkọlé bẹ́ẹ̀ ní Ìnísà lónìí, kí ó mọ̀ pé òwò àtijọ́ ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, aláàbò lè ṣe àṣìṣe, àṣìṣe rẹ̀ a sì tóbi gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tóbi. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2010, àtúnṣe kan tí ilé-iṣẹ́ McAfee fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pe fáìlì pàtàkì kan nínú Windows XP ní fáírọ́ọ̀sì. Àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń tún ara wọn tàn, wọn kò sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Olùṣọ́ ti gbá onílé mú, ó ní olè ni.

Èyí tó tóbi jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ náà, nígbà tí aago Nàìjíríà kọjá márùn-ún ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà fi fáìlì tuntun kan ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀ tí ń jẹ́ Falcon. Ètò náà ń retí ohun ogún. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ mọ́kànlélógún. Nítorí ọ̀kan péré tó lé yìí, kọ̀ǹpútà tó gbà á kú pátápátá. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n ti fa fáìlì náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà bí mílíọ̀nù 8.5 ti fara gbá a. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfuurufú ni kò gbéra ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ sì dúró ní àwọn ilé ìwòsàn àti báǹkì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Oníbodè ni ó ṣubú lu ilẹ̀kùn, tí gbogbo ìlú kò sì lè jáde.

Lẹ́ẹ̀kẹta, aláàbò lè ta ohun tí ó rí nínú ilé. Avast jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ti ìlú Prague ní orílẹ̀-èdè Czech jáde, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn káàkiri ayé ni ó sì ń lo òògùn fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn oníròyìn tú àṣírí pé ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Jumpshot, tó wà lábẹ́ Avast, ń ta àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn olùlò ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù náà tó parí, Avast kéde pé òun yóò ti Jumpshot pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ FTC kéde pé Avast yóò san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, kò sì gbọ́dọ̀ ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó ọjà mọ́. Àjọ náà ní láti ọdún 2014 sí 2020 ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn oníbàárà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní àkọsílẹ̀ náà lè fi ẹ̀sìn ènìyàn hàn, ó lè fi àìsàn tó ń ṣe é hàn, àti ibi tó wà, àti bí owó rẹ̀ ti rí. Avast ní òun kò gbà pé bí àjọ náà ṣe ròyìn ọ̀rọ̀ náà ni ó rí, ṣùgbọ́n ó gbà láti yanjú ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ọ̀dọ́ dáadáa. Avast kò fi òògùn rẹ̀ sílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ó ń mú fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó fà á tí àjọ ìjọba fi bínú ni pé wọ́n ṣèlérí fún olùlò pé àwọn yóò dí àwọn tó ń tọpinpin rẹ̀ lọ́nà, nígbà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tọpinpin rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò.

Ẹ̀KẸRIN: OLÙṢỌ́ TÓ NÍ Ọ̀GÁ MÌÍRÀN

Ọ̀nà kẹrin ni ó burú jù, òun sì ni ó kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, àwọn ìjọba ti ń ra ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, kí ẹlòmíràn má lè ka ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn ikọ̀ wọn àti àwọn ológun wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù nínú òwò yìí ni Crypto AG, tí Boris Hagelin dá sílẹ̀ ní Switzerland ní ọdún 1952. Nítorí pé Switzerland kì í dá sí ìjà orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn oníbàárà fọkàn balẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní ọdún 1970, CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, àti BND, àjọ amí Jámánì, ti para pọ̀ ra ilé-iṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 5.75 dọ́là. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń tà lọ́nà tí wọn yóò fi lè tú àdììtú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì jáde nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n CIA kò jáde títí di ọdún 2018.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2020, ìwé ìròyìn Washington Post àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ZDF ti Jámánì tú gbogbo rẹ̀ síta. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 120 ni ó ti ra ẹ̀rọ náà. Orúkọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Gánà, Íjíbítì, Libya, Saudi Arabia, Iran àti Pakistan. Owó àwọn ará ìlú ni àwọn ìjọba wọ̀nyí fi ra ààbò, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn. Soviet Union àti China kò rà á rárá, nítorí pé wọ́n fura sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìfura ti wà ṣáájú àkókò náà. Ní ọdún 1992, ìjọba Iran mú Hans Bühler, tó ń tajà fún Crypto AG, wọ́n sì fi í sátìmọ́lé fún oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ń bi í léèrè nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù kan dọ́là láti gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí: ẹni tó ń tajà lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kí ọjà rẹ̀ sì jẹ́ ọjà ẹ̀tàn. Nítorí náà, ìwà pẹ̀lẹ́ ẹni tó gbé ọjà wá kò tó ẹ̀rí.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí náà wà. Kaspersky, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Moscow ní ọdún 1997, ti ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nínú wíwá ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn, nítorí ìbẹ̀rù pé òfin Rọ́ṣíà lè fipá mú un láti ran àwọn amí lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n fòfin de títà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pátápátá. Ilé-iṣẹ́ náà sẹ́. Ó ṣí ilé kan sí Zurich ní ọdún 2018 níbi tí àwọn oníbàárà pàtàkì ti lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì ní ìṣèlú ni wọ́n fi ń bá òun jà. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fi ẹ̀rí hàn ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ dalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òdodo kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀ràn Crypto AG, tí ẹ̀rí wà fún, wé ọ̀ràn Kaspersky, tó jẹ́ ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí Kaspersky ń kúrò ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì rí i pé ètò mìíràn tí ń jẹ́ UltraAV ti rọ́pò èyí tí wọ́n rà. Kì í ṣe ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti kọ lẹ́tà ṣáájú pé ìyípadà ń bọ̀, síbẹ̀ ẹnu ya àwọn ènìyàn. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí agbára tí wọ́n gbé lé oníbodè lọ́wọ́ ti pọ̀ tó.

KÍ NI OLÙLÒ YÓÒ ṢE?

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé yẹ kí ó wà, ṣùgbọ́n kí ó ní òdiwọ̀n, kí ó sì ní ẹ̀rí. Àwọn ohun wọ̀nyí ni ó yẹ kí olùlò wò.

1. Kí ó wádìí ohun tí aláàbò ń jẹ. Bí olùlò kò bá san owó, ta ni ó ń san án? Ọ̀fẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìdí rẹ̀ hàn.

2. Kí ó wo ohun tí àwọn olùdánwò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà sọ. AV-TEST ní ìlú Magdeburg ní Jámánì àti AV-Comparatives ní ìlú Innsbruck ní Austria ń dán òògùn fáírọ́ọ̀sì wò, wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bí òògùn ti ń mú fáírọ́ọ̀sì sí ni wọ́n ń wò jù. Avast mú fáírọ́ọ̀sì dáadáa ní gbogbo ọdún tí Jumpshot fi ń tajà.

3. Kí ó wo bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe nígbà tó ṣe àṣìṣe. CrowdStrike tẹ àlàyé kíkún jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó sọ ibi tí ohun tó lé náà ti wá. Crypto AG dákẹ́ títí di ìgbà tí ẹlòmíràn tú àṣírí rẹ̀.

4. Kí ó má lo ayédèrú. Ẹni tó gba òògùn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti já àṣẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó dà á kọ láti inú fúláàṣì tí kò mọ orísun rẹ̀, ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé fún ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ rí. Láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012 ni òògùn fáírọ́ọ̀sì ti Microsoft ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀ láìsan owó kún un. Kí ó sì máa gba àtúnṣe lásìkò. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà fún Windows 7 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

5. Kí ó ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ oníbodè kò dé. Díísìkì tí wọ́n yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n da iṣẹ́ kọ sí i, tí wọ́n sì tì mọ́ inú àpótí, kò sí fáírọ́ọ̀sì tàbí àṣìṣe ilé-iṣẹ́ kankan tó lè dé ibẹ̀.

ONÍBODÈ TÓ WÀ NÍ ÌKÌRUN

Ó rọrùn láti jókòó ní Ìkìrun kí ènìyàn máa dá Prague, Moscow àti Washington lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó mú ìwé NIN rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kò mọ Avast, kò sì mọ CrowdStrike. Ọ̀dọ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà nìkan ni oníbodè tó mọ̀. Òun ni ó gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún, òun ni ó sọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún nígbà tí kò lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní amaana nìyẹn gan-an: ohun tí ẹnìkan fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn nítorí pé ó gbà á gbọ́.

Gbogbo ìbéèrè tí olùlò ń bi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó yẹ kí ọ̀dọ́ náà lè dáhùn rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ń pa fáìlì oníbàárà rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ parí, tàbí ó ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá tún wọlé? Ǹjẹ́ ó ti fi òògùn ayédèrú sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn rí, tó gba owó rẹ̀, tó sì sọ fún un pé ojúlówó ni? Bí fúláàṣì rẹ̀ bá kó fáírọ́ọ̀sì ran oníbàárà, ǹjẹ́ ó ń sọ fún un, tàbí ó ń dákẹ́ bí Crypto AG? Ẹni tó ṣe èyí kò ní ẹnu láti fi bá Avast wí.

Òfin pàápàá ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ní Nàìjíríà, òfin náà sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí ẹni tí wọ́n bá fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe àìdáa lè mú ẹjọ́ lọ bá. Ó sọ pé kí ẹni tó bá ń gba àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn gba kìkì èyí tó nílò, kí ó má sì pa á mọ́ ju ìgbà tí ìwúlò rẹ̀ bá pin lọ. Ohun tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà, olè kò lè jí i, aláàbò kò sì lè tà á.

Nítorí náà, kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àti gbogbo ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti pa fáìlì àwọn oníbàárà rẹ́, kí wọ́n yọ gbogbo ètò ayédèrú kúrò, kí wọ́n gba àtúnṣe tó tọ́, kí wọ́n sì da iṣẹ́ ara wọn kọ sí díísìkì ìfipamọ́. Kí oníbàárà náà má ṣe tijú láti sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ìwé mi rẹ́ kí n tó kúrò níbí." Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.